Ògiri Tí Mo Rẹ́ Tí Wọ́n Ń Fi Bọ́ọ̀lù Nà

Mínà,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, 1962.

Àbdùlgàfárù Àkànjí, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó bá ọ gbé ní Kàdúná, àmín. Ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ, ṣé ọyẹ́ ò tíì máa bá ọ jà? Ìyá rẹ kí ọ. Sàlíhátù àbúrò rẹ ti bí obìnrin, a sọ ọ́ ní Ràhímátù, igbe rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ará ilé gbádùn. Ewúrẹ́ dúdú ti jẹ lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo ti kà á kó tó jẹ ẹ́. O ní kí n gbé ṣíbí bíríkìlà sílẹ̀, pé mo ti dàgbà. Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

O rántí pé kílọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó, ti ẹ̀yìn réluwé, gbé iṣẹ́ fún mi. Wọ́n ní kí n mọ yàrá ńlá kan tí kò ní fèrèsé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju ti ilé adìẹ lọ. Mo béèrè ibi tí atẹ́gùn yóò gbà wọlé, wọ́n ní kí n ṣáà mọ ọ́n. Mo rò pé àká ẹ̀pà ni. Mo rẹ́ ògiri iwájú títí ó fi dán bí àwo tánganran, nítorí mo mọ̀ nínú ara mi pé ó lè jẹ́ òun ni ògiri ńlá tí màá mọ kẹ́yìn.

Kò pé oṣù kan tí mo parí ni mo rí i pé wọ́n ti fa ìlà pupa sí i lára. Ìwọ náà mọ ohun tí ìlà pupa jẹ́. Òun ni wolé-wolé fà sí ilé Yàkúbù alápatà kí wọ́n tó wó o. Bí wọ́n bá wó ògiri yìí, ta ni yóò tún pè mí síṣẹ́ ní gbogbo Mínà?

Mo lọ jókòó sí òkè ẹ̀yìn yàrá náà, níbi tí wọ́n ṣe fún àwọn òǹwòran. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àwọn akọ̀wé réluwé, wọlé pẹ̀lú òyìnbó kan. Wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé funfun, wọ́n mú igi tí wọ́n fi okùn hun lójú bí asẹ́ dání, wọ́n sì ń fi bọ́ọ̀lù rọ́bà dúdú kan, tí kò tó ẹyin awó, na ògiri mi. Wọ́n nà án fún wákàtí kan, wọ́n sì ń kà á. Ìgbà náà ló yé mi pé wọ́n ń dán an wò kí wọ́n tó wó o ni. Páànù kan wà nísàlẹ̀ tó jẹ́ pé bí bọ́ọ̀lù bá bà á, á dún gbàn-ùn, ojú ẹni tó gbá a á sì korò. Mo ké sí wọn láti òkè pé Simeon káfíńtà ló kan ìyẹn, kì í ṣe èmi.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mo ń lọ ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá jáde tán, màá fọwọ́ pa ògiri náà lára láti mọ̀ bóyá ó ti là. Wàláhì, kò là. Oyèbọ́lá wá rò pé eré náà ló wù mí, síkúọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tí ibà dá òyìnbó rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó na igi kan sí mi, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbá a díẹ̀. Mo yára gbà á. Mo ní ó kéré tán, ìdajì ìyà ògiri yìí ti bọ́ sọ́wọ́ mi.

Òun gbá tirẹ̀, ó dún bí ìbọn. Èmi rọra gbá tèmi, bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn lé orí ẹní. Bọ́ọ̀lù náà kan ògiri, ó sì kú síbẹ̀. Oyèbọ́lá sáré, kò bá a. A tún gbá a, bákan náà ni. Ó sáré títí ó fi nà gbalaja sílẹ̀ níwájú mi. Mo ní kó dìde, Ọlọ́run á bùkún un, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ àgbà í kí. Nígbà tí ara òyìnbó yá, òun náà wá, òun náà sì kí mi bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wá fún mi ní fọ́ọ̀mù kí n fi wọ ẹgbẹ́ wọn. Fọ́ọ̀mù náà béèrè pé ọdún mélòó ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nítorí iye ọdún tí mo ti gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́ bíríkìlà lọ́wọ́ ọ̀gá mi nìyẹn. Oyèbọ́lá kà á, ó ṣí fìlà. Fọ́ọ̀mù náà tún béèrè ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣe mí. Mo dárúkọ rẹ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo rántí pé ọdún kẹta rèé tí o kò ti wálé, ó sì dùn mí.

Mo bi Oyèbọ́lá léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa wó ògiri náà. Ó ní wọn kò ní wó o, pé ibi tí bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ kọjá ni wọ́n fi ìlà pupa sàmì sí. Àánú mi ló ń ṣe é. Èmi mọ̀ pé torí mo ń gbá a jẹ́jẹ́ ni ògiri náà ṣì fi dúró.

Wọ́n ń kó wa bọ̀ ní Kàdúná ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, a fẹ́ bá kílọ́ọ̀bù tiyín díje. Jọ̀ọ́, fi pọ́ùn méjì ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà kánfáàsì funfun àti ṣòkòtò péńpé. Ìyá rẹ ní òun kò ní sin àgbàlagbà tó wọ péńpé dé ìdí réluwé, nítorí náà agbádá ni màá fi bò ó. Wá wò mí, kí o fojú ara rẹ rí i bóyá mo ti dàgbà bí o ṣe sọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ kọ́ wó lójú rẹ. Wàá pẹ́ jù mí lọ, àwọn ọmọ rẹ á sì máa wálé wá kí ọ.

Má sì bẹ̀rù pé wọn yóò nà wá níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo mọ ògiri ti Kàdúná. N ò ní rọra gbá a rárá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àbdùlwàhídù Bíríkìlà.