Ibi Tí Àwọn Àgbà Ti Ń Mí

Sátidé, ìrọ̀lẹ́. Kábà.

Ara mi ò balẹ̀. Màmá Ẹ̀júkù, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì tí mò ń kọ́ ní dùùrù títẹ̀, wá lónìí.

"Okun o, tíṣà," wọ́n kí mi.

Mo gbé fóònù síwájú wọn, kí áàpù tuntun mi tó ń kọ́ni ní dùùrù lè máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ orin ìjọ. Ní ìparí gbogbo ìlà ló ń tan iná pupa: wọ́n ti pẹ́ jù.

Mo ní, "Mà, ẹ má dúró níbẹ̀ mọ́."

Wọ́n wò mí. "Bí mi ò bá dúró, níbo ni àwọn àgbà ìjọ máa ti mí?"

Mo kàn ń nu dùùrù tí kò dọ̀tí.

Mọ́ńdè ni àwọn ọmọ ilé ìwé máa bẹ̀rẹ̀ sí í lo áàpù náà. Èmi náà ni mo lọ bẹ ọ̀gá wọn, mo ní kì í ṣàṣìṣe. Ó wúlò, mo mọ̀. Ọmọ tó wà ní Ìsánlú lè fi kọ́ dùùrù láì wá sọ́dọ̀ mi. Àmọ́...

Nígbà tí màmá lọ tán, mo tẹ orin náà bí fóònù ṣe fẹ́, mo sì ń fi ẹnu kọ ọ́ tẹ̀ lé e. Iná pupa kankan ò tàn. Kí n tó parí ìlà kẹta, èémí mi ti tán.