Ohun Tí Ìbéèrè Adébùnmí Ná Wa

                                        Block 4, Flat 3,
                                        G Close, 23 Road,
                                        Festac Town,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà, 1988.

Rùfáì, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ,

Báwo ni Ìwó? Ṣé ara le? Àwọn ìyàwó ńkọ́, àgbà àti kékeré, ṣé wọ́n ṣì ń jẹ́ kí o jẹun lásìkò? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbà iṣẹ́, tí kì í dùn ọ́ nígbà oúnjẹ, ṣé ó ti ń gbádùn? Mo gbọ́ pé o ti wọ ilé tuntun. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o pẹ́ níbẹ̀. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Bernice kí ọ púpọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí o ti kó ṣọ́ọ̀bù rẹ kúrò ní Ijegun-Egba, òun kò tíì rí ẹni tó ń fi ẹ̀rín ta mílíìkì fún òun. Mo sọ fún un pé ẹ̀rín yẹn gan-an lo fi ń gbówó lé mílíìkì, kò gbà.

Ìròyìn mi gùn díẹ̀, fa àga mọ́ra. Ṣé o rántí Adébùnmí, ọmọ àbúrò mi, èyí tó máa ń wá jẹ bisikíìtì ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ? Ó ti di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ń sọ ọ́ sí i létí pé àwọn olùkọ́ kan ń fi máàkì dẹ wọ́n, pé ẹni tí kò bá gbà kí wọ́n fọwọ́ kan òun yóò féèlì. Wọ́n ní àwọn ọmọkùnrin kan náà máa ń dì wọ́n mú tipátipá lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá àgbà, ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni kò fẹjọ́ sun òun. Adébùnmí ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ìwé bi gbogbo àwọn ọmọbìnrin léèrè. Ọ̀gá gbà, ṣùgbọ́n ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní kọ́bọ̀ kan fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àti pé bí ìdajì wọn kò bá dáhùn kí ìgbìmọ̀ tó jókòó ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí láé.

Ìgbà náà ló rántí pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ní ẹ̀rọ. O mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àfọwọ́yí tí mo rà ní gbàǹjo lọ́dún tí mo fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, èyí tí Bernice ń pè ní orogún òun nítorí ó jókòó sí pálọ̀, ó ń da íǹkì. Rùfáì, pépà ti wọ́n. Rímù kan lóde òní, àgbébọ̀ méjì ni. Adébùnmí kó owó oṣù rẹ̀ lé pépà, íǹkì àti sítẹ́ńsù, ó wá ń jẹ gàrí lọ́dọ̀ wa. Mo ní n kò gba owó iṣẹ́, kó ṣáà máa bá wa fọ abọ́.

Ó kọ ìbéèrè mẹ́wàá. Mo gbé e lọ fún Sàdíátù, ọmọ tó ń tẹ táípù ní Amúwo, kó gbé e sórí sítẹ́ńsù tí ẹ̀rọ mi yóò ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi ti pọ̀ jù. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tẹ ìwé fún ìjọba, n kò rí èyí tó jáde rí láìní ibi tí èèyàn yóò kọ orúkọ àti àdírẹ́sì, kí ó sì buwọ́ lù ú. Mo ní Adébùnmí ti gbàgbé ni. Mo bá ní kí Sàdíátù fi kún un nísàlẹ̀. Ọgọ́sàn-án ni mo tẹ̀, ọ̀kan fún ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan, mo dì í dáadáa, inú mi ń dùn. Adébùnmí gbé e lọ láìtú u, ó pín in fún àwọn olórí yàrá.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó padà dé, ó da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Mẹ́sàn-án péré ni wọ́n kọ nǹkan sí. Ìyókù funfun báláú. Ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó bi mí pé ta ló ní kí n fi èyí síbẹ̀. Mo ní ìwé tí kò bá lórúkọ, ọmọ àlè ìwé ni. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ọwọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni máàkì wọn wà."

Ó bá bú sẹ́kún. Rùfáì, gbogbo àwàdà inú mi gbẹ. Ọjọ́bọ̀ ti dé tán, kò sì sówó pépà mìíràn.

Bernice ló ní ìwé funfun kò tíì bàjẹ́, kí a fi sísọ́ọ̀sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti gbé sísọ́ọ̀sì nígbà tí Adébùnmí ní rárá, kì í ṣe nílé. Ó ní àwọn ọmọ yẹn ti rí ibi orúkọ, bí a bá gé e lẹ́yìn wọn, wọn yóò rò pé a ti fi àmì mìíràn pa mọ́ síbẹ̀. Ojú wọn ni a ó ti gé e, ẹni tó fi ibi orúkọ síbẹ̀ ni yóò sì gé e. Báyìí ni èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré ṣe di ará kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́jọ́ ogbó.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì àti korobá kan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò na ìwé sí mi, màá gé e lójú rẹ̀, màá ju èyí tí mo gé sí korobá, òun yóò lọ kọ tirẹ̀, yóò ká a, yóò sì sọ ọ́ sínú àpótí tí Adébùnmí tì pa. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú gbogbo wọn le. Mo bá sọ ara mi di onígbàjámọ̀, mo ń bi wọ́n bóyá kí n gé e mọ́lẹ̀ ni tàbí kí n fi díẹ̀ sílẹ̀ níwájú. Ọ̀kan ní kí n fá tòun kodoro. Ẹ̀rín sọ, ara sì rọ̀ wọ́n.

Mo ti gé tó ọgọ́ta nígbà tí ọmọ kan dé iwájú mi, ó ga, ó tínrín, ó wọ búláòsì aláwọ̀ aró. Mo na sísọ́ọ̀sì. Ó fa ìwé rẹ̀ sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ má gé tèmi."

Mo ṣàlàyé fún un pé àṣìṣe tèmi ni, pé kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Ó ní, "Orúkọ mi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣẹ̀ ni kó lọ wá ibi tí yóò fi tirẹ̀ pamọ́ sí."

Adébùnmí yára wá, ó rọra kìlọ̀ fún un pé ó lè ná an ní ìdánwò rẹ̀. Ọmọ náà ní òun ti ná an tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ tí òun ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn ti fún òun ní òdo, kò sì sí ohun tó kéré ju òdo lọ. Ó dúró níbẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Lẹ́yìn rẹ̀, mọ́kànlá mìíràn ní kí n gbé sísọ́ọ̀sì mi tì. Ìyókù ní kí n gé tiwọn, mo sì gé e tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè irú ikú tó pa baba ẹni.

Mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ló ní ọ̀rọ̀ nínú. N kò ka ọ̀kankan. Adébùnmí kó o wọ yàrá wa, ó tilẹ̀kùn, ó ka gbogbo rẹ̀ tán, nígbà tó jáde kò lè jẹun. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ná wa.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ní ìwé tí kò lórúkọ, ta ni yóò dúró tì í? Adébùnmí, ẹni tó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjìlá tó kọ orúkọ kó tó wọlé, to ìwé wọn sórí tábìlì níkọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ ní kí olùkọ́ méjì lọ jókòó sílé títí ìwádìí yóò fi parí, kí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì máa wà ní ṣíṣí bí ọmọbìnrin bá wà nínú rẹ̀, kí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sì tún máàkì ìdánwò ọmọ tó wọ búláòsì aró yẹn. Ọ̀gá wá ní lọ́dún tó ń bọ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni yóò ra pépà. Owó oṣù Adébùnmí kò tíì padà o, gàrí wa ló ṣì ń jẹ, ṣùgbọ́n Bernice ti ń fi ẹja kún un.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o kí ìmáàmù yín, kí o sì sọ fún ìyàwó kékeré pé mo ní kó má ṣe fún ọ ní ẹran púpọ̀.

Mo fẹ́ lẹ ìwé yìí pa báyìí ni Adébùnmí wọlé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èsì ìdánwò ti jáde. Orúkọ tí ọmọ yẹn kò jẹ́ kí n gé ti wà lára pátákó, láàárín àwọn tó yege. Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ bi mí pé kí ni orúkọ náà. N kò ní kọ ọ́ síbí, Rùfáì. Òun ló ni ín. Bó bá wù ú, yóò sọ ọ́ fún ọ fúnra rẹ̀.

                                        Èmi ni, tìrẹ láìṣẹ̀tàn,
                                        Ọláníran.