Aṣọ Ọ̀rá Tó Ṣáájú Mi Délé

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Àwọn Nọ́ọ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ọsibítù.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo mọ̀ pé ìwọ náà á fẹ́ béèrè mi. Mo wà, ara mi le, mi ò sì wúkọ́. Má bẹ̀rù ìwé yìí o. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì dé ìgúnpá kí n tó mú bírò. Bí o bá sì fẹ́, kọ́kọ́ sá a sóòrùn kí o tó kà á, mi ò ní bínú.

Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Mo pè ọ́ lánàá, mo sì tètè pa á kí o tó gbé e, torí mo mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn yìí ti dé ni wọ́n ti gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Mi ò wọ ilé mọ́. Ìyá mi ló ń tọ́jú ọmọ mi nínú ilé wa lójú ọ̀nà ààtàn, ibi tí o mọ̀ náà. Bí mo bá fẹ́ rí wọn, ẹ̀yìn géètì ni mo máa ń dúró sí, àwọn á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, a ó máa juwọ́ síra wa bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ rìnrìn àjò. Ọmọ á ní kí n wá gbé òun, màá ní ó di ọ̀la. Ó ti mọ̀ pé irọ́ ni.

Nínú wọ́ọ̀dù, a ò lè dá ara wa mọ̀. Ìbòmú, awò ojú, fìlà, aṣọ ọ̀rá láti ọrùn dé kókósẹ̀, gbogbo wa rí bákan náà. Aláìsàn kan tilẹ̀ pe dókítà àgbà pé kó wá bá òun gbé póò dà nù. Ọkùnrin náà gbé e, kò jiyàn. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi máàkà kọ orúkọ ìnagijẹ wa gàdàgbà sí àyà aṣọ. Ẹlẹ́rìn-ín ni tèmi, orúkọ tí ẹ̀yin ará kíláàsì fún mi, tí gbogbo àdúgbò wa fi ń pè mí. Àwọn aláìsàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àwọn ò tíì rí ẹ̀rín ọ̀hún rí.

Bí iṣẹ́ bá parí, a ó bọ́ gbogbo rẹ̀ sínú àpò pupa. Àpò pupa ni wọ́n ń sun nínú ilé iná tó wà lẹ́yìn ọsibítù. Àpò dúdú, ìdọ̀tí lásán ló wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ akólẹ̀ ló ń gbé e lọ sí ààtàn. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ń pọ̀ sí i, àpò pupa tán. Nọ́ọ̀sì àgbà ní ká máa lo dúdú, ká fi tépù pupa we ọrùn rẹ̀, kí àwọn tó ń sun ún lè mọ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ ni ilé iná náà dákẹ́, àjẹjù ló pa á. Àpò bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn lẹ́bàá ògiri. Òjò rọ̀ sí wọn, ajá fà wọ́n ya, ibọ̀wọ́ sì ń léfòó nínú gọ́tà lọ sódò bí ọwọ́ ẹni tó ń pe èèyàn. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó, tí mò ń sọ fún ara mi pé wọ́n á tún un ṣe. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, àwa sùn.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ọ̀gá láti òkè ń bọ̀ wá yẹ ọsibítù wò, ẹnì kan pàṣẹ pé kí wọ́n kó òkìtì náà kúrò. Awakọ̀ akólẹ̀ rí àpò dúdú, ó kó àpò dúdú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ohun tí tépù pupa wà fún.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sẹ́yìn géètì bí ìṣe mi. Ọmọ mi sáré jáde, aṣọ ọ̀rá kan ń wọ́ tuuru nílẹ̀ lára rẹ̀. Mo wo àyà rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ni mo kà, ìkọ̀wé ọwọ́ mi ni. Ìyá Ìbejì, àyà mi já. Irin géètì ni mo dì mú. Mi ò mọ ohun tí mo pariwo, mo ṣáà rí i tí àwọn aládùúgbò ń yọjú.

Inú ìyá mi ń dùn ní tiwọn. Wọ́n ní Bàbá Oníke ló gbé e wá, bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa tó ń ṣa ike lórí ààtàn. Ó rí orúkọ mi lára aṣọ náà, ó rò pé wọ́n jí i lọ́wọ́ mi ni. Ì bá tà á, kò tà á. Ó fọ̀ ọ́ lódò, odò tí ibọ̀wọ́ wọ̀nyẹn ń ṣàn lọ yẹn náà, ó ká a dáadáa, ó gbé e fún ìyá mi, kò sì gba kọ́bọ̀. Oore ló rò pé òun ṣe. Mi ò mọ bí mo ṣe lè bínú sí i, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́.

Mo ń bẹ ọmọ mi pé, "Bọ́ ọ, dákun, bọ́ ọ sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Ó fọwọ́ méjèèjì dì í mọ́ra. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ẹ kì í wọlé. Èyí máa ń wọlé. Òun ni mo fi ń bora sùn."

Ìyá mi ló já a gbà. Mo dúró síta, mo ń sọ bí wọ́n ṣe máa fi igi gbé e, wọ́n sì sun ún lẹ́yìnkùlé. Èéfín rẹ̀ dúdú, ó ta gbogbo wa nímú. Ọmọ ń ké bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń sun.

Mo padà lọ sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà. Wọ́n ti rán àwọn èèyàn lọ sí ààtàn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣa nǹkan níbẹ̀ ti tú ọ̀pọ̀ àpò. Wọ́n ní ààtàn kì í kọ ìdọ̀tí. Èyí tó gbà lọ́wọ́ wa yìí, ta ló mọ àwọn ilé tó ti pín in dé? Mo gbọ́ pé Bàbá Oníke ń wúkọ́. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti ń wúkọ́, èéfín ààtàn ló fà á. Ìyá mi pè láàárọ̀ yìí pé ara ọmọ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ní oòrùn ló pa á. Mo fẹ́ gbà wọ́n gbọ́.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì kúnlẹ̀ kí ìyá fún mi. Má jẹ́ kí àwọn ìbejì mú ohunkóhun nílẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó. Gbé wọn mọ́ra fún mi, kí o má tètè sọ wọ́n kalẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, àdúrà kan ṣoṣo ni mò ń gbà, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí n tún fọwọ́ kan ọmọ mi. Bí ara rẹ̀ bá gbóná ju báyìí lọ, wọ́ọ̀dù mi ni wọ́n máa gbé e wá, èmi ni màá sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò gba àdúrà yẹn mọ́. Ọ̀rẹ́ mi, bá mi wá òmíràn gbà.

Èmi ni, ẹni rẹ láti kékeré,

Ẹlẹ́rìn-ín