Ológbò Mi Ò Ríran Mọ́

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà pè mí ní Ìyá Ológbò, l'Ọ́gbà.

Nílé iṣẹ́ bisikíìtì tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti gbé ológbò mi wálé, ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò ríran mọ́, kò sì léyín. Èmi ni mò ń fẹnu rún ẹja fún un.

Àwọn ará ilé ní àjẹ́ ni ológbò náà. Ti ọmọ mi obìnrin ló dùn mí. Ó ní ká gbé e lọ bá dókítà ẹran, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ikú, kó lè sinmi. Mo ní, "Ṣé ológbò ló rán ẹ níṣẹ́?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí lẹ rí sí i? Ẹ rọra dáhùn o. Ọmọ yìí náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí èmi náà ò ríran mọ́.