Àáró Tó Kan Bàbá Mùílì Ọláyanjú

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Ayàwòrán àti Onífídíò, Ẹ̀ka Ìsẹ́yìn.
Sí ìyá wa, Ìyáàfin Àwáwù Ọláyanjú, àwọn ọmọ, àti gbogbo ẹbí.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ẹ̀rín tí a kò rí ibi fi pamọ́ sí, ni ẹgbẹ́ wa fi ń bá yín kẹ́dùn ikú bàbá wa, Mùílì Ọláyanjú, tó fi ayé sílẹ̀ ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ẹ má ka ẹ̀rín náà sí àìmọ̀wàáhù. A ti gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ bàbá yìí pẹ̀lú ojú líle, kò ṣeé ṣe.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni bàbá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wá ń ra dúróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń gbé kámẹ́rà fò, kò pẹ́ tí a fi mọ̀ pé fífò rẹ̀ rọrùn, bíbalẹ̀ rẹ̀ ló ṣòro, pàápàá bó bá jẹ́ orí igi irú ló balẹ̀ sí. Gímbà ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Òun ni apá kékeré tó gbé kámẹ́rà ró lábẹ́ dúróònù, tí kì í jẹ́ kí àwòrán máa gbọ̀n. Pátì tí a lè fi pààrọ̀ rẹ̀ kò sí ní Ìsẹ́yìn, kò sí ní Ṣakí. A rán ènìyàn dé Ìjìó, bóyá yóò rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ẹnubodè bọ̀, ìrẹsì ló gbé dé. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó, ti dúróònù mìíràn ni. Báyìí ni Bàbá Mùílì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún kámẹ́rà, ojú dúróònù wa, ṣe, tó sì di ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà Ojú.

Ọmọ àgbẹ̀ ni bàbá, ó sì mọ̀ pé oko tí agbára ẹnì kan kò ká, àáró ni wọ́n fi ń ro ó: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ó pè wá jọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ yéé sunkún pátì. Dúróònù tó kú sílé lágbájá, ohun tí ti làmọ̀rín ń wá wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dá àáró." Ó di òfin ẹgbẹ́. Ẹ́ńjìnì kékeré tó ń yí kámẹ́rà Dáníẹ́lì, ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ṣakí, lè sìn ní ti Olúwafọlákẹ́mi ní Ìsẹ́yìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sì padà sílé láìsí ìjà. Láti ìgbà náà, a kò tíì já oníbàárà kan kulẹ̀ lójú ìwúyè.

Ti rọ́bà ńkọ́? Ara rọ́bà róbótó mẹ́rin ni gímbà ń so rọ̀ sí. Nígbà tí ti Samsudeen já, tí a wá òmíràn títí, bàbá rọra wọ yàrá lọ, ó mú ọmú ìgò tí Pẹ̀lúmi, ọmọ-ọmọ rẹ̀, fi ń mu mílíìkì, ó gé e sí mẹ́rin. Kámẹ́rà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Pẹ̀lúmi ni kò dákẹ́. Ìyá wa, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ariwo lé bàbá jáde, òun sì ń sọ fún àdúgbò pé, "Ẹ ò rí i pé ọmú dára, èyí tó rí i mu ti jókòó jẹ́ẹ́." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ra tuntun dé.

Bàbá ní dúróònù tirẹ̀. A máa ń rí àpótí rẹ̀ lórí pẹpẹ, a rò pé ó ń ṣìkẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí a wá kí yín lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá wa, ẹ ní, "Mi ò bá ọkọ mi, Bàbá Mọpẹ́, jà. Wọ́n kàn ṣèlérí pé àwọn máa ya oko mi ní Ìlerò láti òkè. Wọ́n ya oko gbogbo ayé, ó ku tèmi." Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí akọ̀wé wa lọ ṣí àpótí náà. Ara dúróònù wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀, ṣùgbọ́n gímbà rẹ̀ ti tú pátápátá. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni Dáníẹ́lì ń lò, wáyà pẹlẹbẹ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Olúwafọlákẹ́mi, rọ́bà rẹ̀ ti lọ tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí àáró bá kan ẹlòmíràn tí nǹkan kò pé, tirẹ̀ ni bàbá ń tú. Ojú tì wá gan-an.

Ẹgbẹ́ pàdé, a sì fẹnu kò pé àáró ti kan bàbá. Dáníẹ́lì gun ọ̀kadà láti Ṣakí, ó gbé ẹ́ńjìnì wá. Olúwafọlákẹ́mi tú wáyà kúrò lára tirẹ̀. Ọwọ́ wa kò já fáfá bíi ti bàbá o: nígbà àkọ́kọ́ tí a tò ó, ọ̀run ni kámẹ́rà kọjú sí, ó ń wo ibi tí ọ̀gá rẹ̀ lọ. A tún un tò. Rọ́bà ló wá kù. Mọpẹ́olúwa, ọmọ yín, ló gbé ìgò Pẹ̀lúmi wá, ó ní ọmọ náà ti dàgbà kọjá rẹ̀. Ẹ má bá a wí pé ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún yín, àwa la bẹ̀ ẹ́.

Ìyá wa, àwòrán oko yín wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹ ó rí ebè yín tó tò lọ réré, àti igi máńgòrò tí ẹ ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí ọ̀nà ńlá tí gbogbo ènìyàn ń gbà wọ oko. Lẹ́yìn náà, ẹ wo apá ọ̀tún dáadáa. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ pupa kan wà láàárín koríko níbẹ̀, láti etí títì títí dé ẹnu ahéré yín, kò yà síbì kankan. A bi àwọn ará oko. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba ibẹ̀, bàbá ni, nígbàkúùgbà tó bá ń bọ̀ wá bá yín ru ẹrù.

Ẹgbẹ́ wa ṣèlérí pé ṣọ́ọ̀bù Dókítà Ojú kò ní tì. Samsudeen ni yóò máa jókòó síbẹ̀, àáró náà yóò sì máa lọ. Bí àsìkò ebè bá tó, gbogbo wa ń bọ̀ ní Ìlerò tọkọ́tọkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí ebè tó gún, oníkámẹ́rà ni wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà bàbá la ó máa gbà wọlé.

Kí Ọlọ́run tó yá wa ní bàbá fún ọjọ́ pípẹ́ tù yín nínú, ìyá wa. Kí ó fún àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ní ẹ̀mí tó gùn ju ti bàbá lọ, kí ó tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Kí koríko má hù lójú ọ̀nà tó là sọ́dọ̀ yín.

Ìbùkúnọlá Òkè,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.