Màmá Odélie Pothier (1931–2019), Ìyá Tí Ó Jókòó Sẹ́yìn Ọmọ Rẹ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1931 ni a bí Màmá Odélie ní Wedgeport, ní etíkun Nova Scotia ní Kánádà, sínú ìdílé Armand Surette, apẹja, àti Léonice aya rẹ̀. Odélie ọmọ Armand ọmọ Louis ọmọ Simon ni à ń pè wọ́n, nítorí orúkọ àwọn òbí ni àwa ará Akadíà, ìran Faransé etíkun yìí, fi ń dá ara wa mọ̀. Wọ́n kàwé lọ́dọ̀ àwọn sísítà, lẹ́yìn náà wọ́n ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń di edé ńlá sínú agolo. Ọwọ́ wọn yá, ẹnu wọn sì yá ju ọwọ́ lọ.

Ní 1952, wọ́n fẹ́ Lézin Pothier, apẹja. Lézin ọmọ Jean ọmọ Zoé ọmọ Simon. Àwọn àgbà tọpa ìran méjèèjì, wọ́n rí i pé Simon kan náà ni orírun wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ta ni kì í ṣe ọmọ Simon níbí?" Fàdá so wọ́n pọ̀, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Rosaire, àkọ́bí, a máa ṣubú bí ó bá rẹ́rìn-ín. Orúnkún rẹ̀ á kàn yẹ̀. Eré ni gbogbo ilé pè é. Bàbá a ní, "Ẹ wo ọmọ yìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti mutí yó kó tó wọkọ̀!" Màmá fúnra wọn a máa dìídì pa á lẹ́rìn-ín kí àlejò lè rí i. Nígbà tó yá, ojú Rosaire kò lè wo ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó kú ní 1966. Kò pẹ́ tí Jeannine, àbúrò rẹ̀, náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú.

Dókítà kan ní Halifax ló là wọ́n lóye. Ọ̀rá máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ tín-tìn-tín tí a fi kọ́ ara, ó sì yẹ kó jáde. Nínú àwọn ọmọ yìí, ó ń wọlé, kò jáde. Ó ń kún, ó ń ni sẹ́ẹ̀lì lára, títí àwọn ti ọpọlọ fi ń kú níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni àléébù náà ti wá, láti ìdí Simon. Ìṣubú nígbà ẹ̀rín wà lára àmì rẹ̀, kò sì sí oògùn.

Kí Jeannine má baà ṣubú mọ́, Màmá fòfin de ẹ̀rín nínú ilé. Ilé náà pa lọ́lọ́, títí Jeannine fi sọ̀rọ̀:

"Màmá, ilé yìí ti sú mi. Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín jàre. Ẹ̀yin ẹ ṣáà jókòó sẹ́yìn mi."

Màmá sunkún, wọ́n sì gbé àga sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n jókòó. "Ó dáa, olóríkunkun. Tó o bá fọ́ eyín mi, wàá rà á padà o." Wọ́n sọ ìtàn edé ńlá tó gbá fàdá láṣọ mú. Jeannine rẹ́rìn-ín, ó ṣubú, ó bọ́ sí wọn láyà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí Jeannine fi lọ ní 1974.

Màmá kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ títí ọjọ́ ogbó. Nígbà tí àwọn dókítà wá gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ará ìlú láti wá ìdí àrùn náà, Màmá ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri: "Ta ni kì í ṣe ọmọ Simon? Na apá ẹ wá!" Ẹnikẹ́ni kò lè kọ̀ fún wọn.

Bàbá ṣáájú wọn lọ ní 1998. Blaise àti Yvette, ọmọ wọn, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún ni Màmá fi sáyé lọ ní 2019.

Odélie ọmọ Armand, ẹ sùn re o. Ẹ rẹ́rìn-ín bó ṣe wù yín. Rosaire àti Jeannine ló jókòó sẹ́yìn yín báyìí.