Bánà Haerim tí Wọ́n Sá Ata Lé

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Malsun,

Ṣé ara yín le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Àlàáfíà ni èmi àti ọkọ mi wà. Ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Ẹ mọ ibi tí mo kàwé dé.

Inú ń bí mi, mi ò sì lè sọ ọ́ jáde nínú ilé yìí. Haerim, àbúrò ọkọ mi tó wà ní yunifásítì, gba àmì-ẹ̀yẹ. Nígbà ìdánwò, ó gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ wọn, ó ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní tíì, ó ń sọ fún wọn pé ọkàn máa ń ṣàìsàn bí ara, pé kò sí ìtìjú nínú ìtọ́jú. Ó ń sin àwọn mìíràn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Lọ́la ni wọn yóò yẹ́ ẹ sí.

Olórí abúlé ṣe bánà, aṣọ gbọọrọ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, tí a ó so sẹ́nu ọ̀nà abúlé, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ọmọ tó bá gbayì. Bí ìyá ọkọ mi ṣe rí “ìlera ọpọlọ” lára rẹ̀, wọ́n já a gbà. “Kí ayé lè rò pé wèrè lọmọ mi? Ta ló máa fẹ́ ẹ?” Wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ ní àgbàlá, wọ́n sá ata lé e. Bánà ọmọ àdúgbò tó kàn yege ìdánwò ọlọ́pàá sì wà lókè láti ìgbà ìrúwé!

Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo dé ilé yìí tí mò ń sunkún sínú ìrẹsì tí mò ń fọ̀, Haerim nìkan ló bi mí pé, “Ìyàwó wa, ọkàn yín ńkọ́?” Lánàá ó tún pè, ó ní, “Ṣé wọ́n ti so bánà mi?”

Lọ́sàn-án òní, mo kó ata náà sínú apẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi pariwo láti ẹnu ọ̀nà: “Ata yẹn ò tíì gbẹ o!” Ẹ mọ bí ẹnu mi ṣe wúwo tó. Mo ní, “Á gbẹ lórí ẹní, Ìyá.” Ọkọ mi bá mi di etí kejì bánà náà mú, a so ó mọ́ ọgbà wa. Ó rọra ní, “Ìyá ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ títí a ó fi ṣe ẹ̀fọ́ kimchi ìgbà òtútù o.” Mo ní, “Etí mi á sinmi nìyẹn.”

Ìyá ní àwọn ò lọ síbi ayẹyẹ náà. Èmi ni màá gbé òdòdó dúró ti Haerim lọ́la, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí.

Kí ayọ̀ má ṣe jìnnà sílé yín, kí àwọn ọmọ yín rí ẹni bi wọ́n léèrè ọkàn wọn.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Okbin

Àfikún: Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síbi ọgbà ni. Wọ́n wo bánà náà títí, wọ́n fi apá aṣọ nu kóró ata kúrò lára orúkọ Haerim, wọ́n ní mo so ó wọ́, wọ́n sì wọlé. Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n mo ti tún un so.